Ẹgbẹ́ Kékeré Ni Ìṣẹ̀ṣe Fi Ń Dúró: Àgbéyẹ̀wò Láti Ìpetumodù

Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, torí pé ogúnjọ́ oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ ọdún gan-an, bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Ìlọrin, àwọn kan ti sọ fún ìyá olórìṣà kan pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe tó ti kéde rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́míà ìlú náà. Níhìn-ín, ìjọba ń bá oníṣẹ̀ṣe yọ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń lé e kúrò lójú agbo.

Ìgbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ ni ìbéèrè àtijọ́ kan máa ń tún jí: ta ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe? Àwọn kan ní àfi kí wọ́n dá àjọ ńlá kan ṣoṣo sílẹ̀, bí àwọn Kristẹni ti ní CAN láti ọdún 1976. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ẹgbẹ́ kéékèèké ni ẹ̀sìn yìí fi ń mí láti ìṣẹ̀dálẹ̀: ẹgbẹ́ tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ wọ̀, tí wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ títí ohùn yóò fi ṣọ̀kan, tí wọ́n sì ń ná owó ara wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ ṣe ni láti wo iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

Ìpetumodù dára láti dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà. Ìlú Àpétù ni, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Àríwá, ìlú amọ̀kòkò tí àwọn obìnrin rẹ̀ ti ń fi amọ̀ jẹun láti ìran dé ìran. Kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Òkè Ìtasẹ̀ wà, síbẹ̀ kò tóbi débi tí aládùúgbò kò fi ní mọ ẹni tó ń bọ Ifá àti ẹni tó ti fi í sílẹ̀. Yunifásítì Odùduwà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo sì ń wọ ìlú. Ohun tó bá ṣeé ṣe fún oníṣẹ̀ṣe ní irú ìlú yìí, ó ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá.

Ohun tí àwọn baba fi lélẹ̀

Kò sí ẹni tó lè sọ iye àwọn oníṣẹ̀ṣe tó wà ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn ọdún 1963 ni wọ́n ti bèèrè ẹ̀sìn ènìyàn kẹ́yìn. Ti ọdún 1991 àti 2006 kò bèèrè rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ mọ iye wọn, a mọ bí wọ́n ṣe ń pàdé.

Ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, òrìṣà ló sì ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Olúkúlùkù ń ṣe ọ̀sẹ̀ nílé ara rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù àti obì. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá yí po, ìtàdógún dé nìyẹn, ìyẹn ọjọ́ kẹtàdínlógún bí a bá ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìtàdógún ni ẹgbẹ́ ń péjọ. Lónìí ó kan ilé ẹnì kan, lẹ́yìn náà ó kan ti ẹlòmíràn. Ẹni tó kàn ni yóò ṣe àlejò, àwọn yòókù á dáwó, wọ́n á kí Ifá, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì yanjú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò nílò ilé ìsìn ńlá, kò nílò ẹni tí a ń sanwó oṣù fún. Òun ló fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí gba ìgboro, ẹgbẹ́ awo kò kú. Inú ilé ló ti ń pàdé, kò sì sí ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ètò Ògbóni náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ni ìpàdé wọn, wọn kì í sì í tú ká lórí ọ̀rọ̀ ìlú títí ohùn wọn yóò fi di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti jáde síta, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé èmi kò fara mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ìdìbò. Bí ènìyàn ogún bá dìbò, tí mọ́kànlá borí, mẹ́sàn-án yóò lọ sílé pẹ̀lú ìkanra. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tí a fi iye borí lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ̀ láti gbé ẹbọ lọ́la.

Iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe náà ní òfin tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àáró ni àwọn ẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko: lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ, gbèsè sì ni fún ẹni tó bá jẹ tí kò san. Ọ̀wẹ̀ ni ènìyàn ń bẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, bíi kíkọ́ ilé. Oúnjẹ àti ọpẹ́ ló ń fi san án. Èésú ni wọ́n fi ń kó owó jọ. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni ẹgbẹ́ òrìṣà ń lò títí di òní nígbà tí ọdún bá dé: wọ́n ń fi ọ̀wẹ̀ tún ojúbọ ṣe, wọ́n ń fi àáró bá ẹlẹ́bọ gbé ẹrù, wọ́n sì ń fi èésú ra ewúrẹ́.

Báwo ni ohùn ṣe ń ṣọ̀kan?

Àwọn tó ń yin ìfohùnṣọ̀kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ènìyàn kàn jókòó ni, tí ọgbọ́n sì bọ́ láti ọ̀run. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òrìṣà ní ipò, ipò náà kò sì farasin. Ní Ifẹ̀, àwọn olóyè awo mẹ́rìndínlógún ló wà, Àràbà ni olórí wọn, Agbọ̀ngbọ̀n tẹ̀ lé e, Akọ́dá àti Aṣẹ̀dá sì wà nínú wọn. Nínú ẹgbẹ́ ìlú kékeré, ọjọ́ tí ènìyàn tẹfá ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ṣáájú. Ọmọ ogún ọdún tó tẹfá kí ẹni àádọ́ta ọdún tó tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀gbọ́n nínú awo. Nítorí náà, gbogbo ènìyàn ní ohùn, ṣùgbọ́n ohùn kò wúwo bákan náà.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, àwọn kékeré ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ń kẹ́yìn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: bí olórí bá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ta ni yóò tún la ẹnu? Bí ọ̀rọ̀ bá sì pín sí méjì tí kò ṣeé tún pa pọ̀, wọ́n á gbé e lọ síwájú Ifá. Ìbò ni babaláwo ń lò: owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n á fi ọ̀nà kìíní lọ̀ Ifá, wọ́n á fi èkejì lọ̀ ọ́. Èyí tí Ifá bá mú, òun ni gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé. Àǹfààní tó wà nínú èyí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ìmọ̀ràn rẹ̀ kò wọlé kò pàdánù lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀; Ifá ló sọ̀rọ̀, ojú kò ti ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan òun fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ owó tàbí oyè, ó yẹ kí wọ́n pe babaláwo láti ìlú mìíràn wá dá a. Ẹgbẹ́ ní Ìpetumodù lè ránṣẹ́ sí Mọ́rò tàbí Ẹdúnàbọ̀n. Ohun tí ojú àlejò bá rí, ẹnu onílé kò ní lè yí i padà.

Ohun tí òkun gbé lọ

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, kò sí ọba tó bá wọn lọ, kò sí àjọ. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n fi tún òrìṣà gbé dìde. Ní Kúbà, àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba Sípéènì gbà láyè láti máa pàdé lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń pè ní cabildo, ló di ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì bo òrìṣà. Lẹ́yìn náà ó di ilé-òrìṣà, ìyẹn bàbá tàbí ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí nínú òrìṣà.

Ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì, ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró lábẹ́ ìyálórìṣà rẹ̀. Láàárín ilé, àṣẹ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń jíròrò. Ṣùgbọ́n láàárín ilé sí ilé, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnìkejì. Àpẹẹrẹ tó dára jù nípa bí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè fohùn ṣọ̀kan wáyé ní oṣù Agẹmọ ọdún 1983. Ìyálórìṣà márùn-ún tí wọ́n lórúkọ, lára wọn Menininha ti ilé Gantois, Stella ti Opô Afonjá àti Olga ti Alaketu, fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ Kátólíìkì, pé ẹ̀sìn ni ẹ̀sìn àwọn, kì í ṣe eré ìdárayá fún àwọn arìnrìn-àjò. Kò sí àjọ tó pàṣẹ fún wọn. Àpérò àgbáyé lórí òrìṣà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn jọ nílùú wọn.

Opô Afonjá tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ọdún 1910 ni Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Aninha, dá a sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ó ṣe ohun méjì. Ó yan àwọn ọkùnrin méjìlá tí wọ́n ń pè ní Ọba Ṣàngó láti máa gba ilé náà nímọ̀ràn, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin tí yóò máa bójú tó ilẹ̀ àti owó. Ọ̀rọ̀ òrìṣà wà lọ́wọ́ ìyálórìṣà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nínú ìwé tí ìjọba mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi ń dúró bí ìyá kan bá lọ tí òmíràn sì gorí oyè.

Àwọn abọ̀rìṣà tí kì í ṣe tiwa

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ìbéèrè yìí ń dà láàmú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan ti padà sí ìbọ àwọn òòṣà ayé àtijọ́ wọn. Ní ìkànìyàn ọdún 2021 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, nǹkan bí 74,000 ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀sìn yẹn ni tàwọn. Wọn kò ní ìdílé tó jogún rẹ̀ fún wọn, nítorí náà ètò ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti dá sílẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ẹgbẹ́ Reclaiming, tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní nǹkan bí ọdún 1979, tí Starhawk jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n pín ara wọn sí: àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn kan fún ayẹyẹ. Kò sí owó oṣù. Ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n fi ń pinnu. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ní ìdí tó lágbára lè dá ìpinnu dúró. Ẹni tí kò fara mọ́ ọn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dí i lọ́wọ́ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n pọ̀ débi tí yàrá kan kò gbà wọ́n mọ́, ìṣòro dé. Ní ọdún 1997, wọ́n tú àkójọpọ̀ àárín ká, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kéékèèké máa rán aṣojú sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì kọ ìwé ìlànà kúkúrú kan tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ náà gbọ́dọ̀ gbà.

Ohun tí a lè rí kọ́ lára wọn ni pé ẹgbẹ́ kékeré lè pọ̀ láìní olórí ńlá, bí ohun tí gbogbo wọn gbà bá wà ní kíkọ, tó sì kúrú. Ohun tí àwa ní tí wọn kò ní ni Ifá. Níbi tí àwọn á ti jókòó di òru nítorí ẹnì kan tó kọ̀ jálẹ̀, àwa lè gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìbò Ifá.

Iṣẹ́ tí àjọ ńlá lè ṣe

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tó ń fẹ́ àjọ ńlá, nítorí ìtàn gbè wọ́n níbi kan.

Láti nǹkan bí ọdún 1920 ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Èkó ti dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀, tí wọ́n ń pàdé bí ìjọ Kristẹni, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń wàásù Ifá. Wọ́n fẹ́ fi hàn pé ẹ̀sìn baba wọn kò kéré sí ti òyìnbó. Wọ́n ṣe àṣeyọrí láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ awo ìlú kò tẹ̀ lé wọn. Ìtàdógún wọn ń lọ bó ti ń lọ.

Ní Amẹ́ríkà, Efuntola Oseijeman Adefunmi dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní ọdún 1970, Ọ̀ọni Okùnadé Ṣíjúwadé sì dé e ládé ní Ifẹ̀ ní ọdún 1981. Ìlú tó ní ọba, ìjòyè àti ààfin ni. Nígbà tó kún jù, nǹkan bí igba ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ó dín kù gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti ibẹ̀ jáde ló lọ dá ilé-òrìṣà tiwọn sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Ọba ló tan iná náà, ilé kéékèèké ló gbé e kiri.

Ibi tí àjọ ti wúlò tí kò sí iyàn ni ilé ẹjọ́ àti ilé aṣòfin. Ní Hialeah, ní Florida, àwọn aláṣẹ ìlú ṣòfin pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹran rúbọ. Ìjọ Lukumi Babalu Aye, tí ó ti forúkọ sílẹ̀ láti ọdún 1974, gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1993, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan pé òfin náà kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu. Ì bá ṣòro fún ilé-òrìṣà tí kò ní orúkọ nínú ìwé ìjọba láti pe irú ẹjọ́ yẹn. Ní Trinidad, ọdún 1999 ni wọ́n ṣòfin tó fún àwọn olórìṣà láǹfààní láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ ẹ̀sìn wọn, kí ìjọba sì mọ̀ ọ́n ní ìgbéyàwó. Ìjọba kì í bá agbo tí kò ní orúkọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àpérò pẹ̀lú wúlò. Ifẹ̀ ni àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí àṣà òrìṣà ti wáyé ní ọdún 1981, Wándé Abímbọ́lá sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ní ọdún 1983 ó bọ́ sí Bàhíà. Kò sí ẹni tí àpérò yẹn jẹ́ olórí lé lórí. Ó kàn jẹ́ kí àwọn tí òkun pín níyà rí ojú ara wọn ni. Ní Kúbà pàápàá, ẹgbẹ́ babaláwo méjì ló ti ń gbé Odù ọdún, ìyẹn Odù tí Ifá fi ń sọ bí ọdún yóò ṣe rí, jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ Ifá kò sì mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé. Ní ọdún 2016, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé ẹyọ Odù kan jáde pa pọ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì wà síbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Àrùn tó ń ba ẹgbẹ́ kékeré jẹ́

Bí a bá ti gbè fún ẹgbẹ́ kékeré tó báyìí, a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa àìsàn rẹ̀.

Èkíní ni agbára tó farapamọ́. Ní ọdún 1970, Jo Freeman, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní olórí. Èyí tó bá ní òun kò ní, ńṣe ló fi olórí náà pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. A ní àgbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n a tún ní olówó tó ń san owó ewúrẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ta kò ó ní ìpàdé. Ẹni tó bá ń ra obì lójoojúmọ́ ló máa ń sọ bí wọn yóò ṣe pín in.

Èkejì ni owó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní akápò tí kò ní ìwé. Nígbà tí owó kéré, orí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí àwọn ènìyàn ń ti Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì àti Kúbà wá tẹfá nílẹ̀ Yorùbá, owó tí wọ́n ń san sì lè ju ohun tí ẹgbẹ́ kan ń rí láàárín ọdún kan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń tú ká. Kì í ṣe pé ẹnì kan jalè dandan. Nígbà tí kò bá sí àkọsílẹ̀, olóòótọ́ kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìfura.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ tó ń bá àgbà lọ sí sàréè. Ẹgbẹ́ kékeré gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ ẹsẹ Ifá, oríkì òrìṣà, ewé àti ọjọ́. Bí ọ̀kan bá kú, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, tí kò sì bá a jókòó rí, ìdá kan nínú ẹgbẹ́ náà kú. Àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù mọ irú ewu yìí. Ìkòkò tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ jẹ́ ohun tí ojúbọ kò lè ṣe aláìní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti fi amọ̀ sílẹ̀ lọ sí ìwé àti ọjà. Ọ̀ràn amọ̀kòkò àti ọ̀ràn awo kò yàtọ̀ síra: iṣẹ́ tí a ń kọ́ lẹ́sẹ̀ àgbà kò ní dúró bí ọmọ kò bá jókòó lẹ́sẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ òrìṣà bíi Ọ̀ṣun àti Yemọja, àwọn ló sì ń se oúnjẹ ọdún. Síbẹ̀ nígbà ìpàdé ńlá, àwọn ọkùnrin ló ń jókòó níwájú. Ọ̀rọ̀ ìyánífá, bóyá obìnrin lè dá Ifá bí babaláwo, ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ifá, pàápàá ní Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń kùn. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í gbọ́ ti ọmọdé kò lè fi òwe yẹn gbéra ga.

Òṣogbo fi hàn pé ìwòsàn wà. Ní igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, kó àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú jọ láti tún ojúbọ kọ́. Kò sí àjọ ńlá lẹ́yìn wọn nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tí olúkúlùkù ń fi ẹ̀bùn tirẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lára ohun tó mú kí UNESCO kọ igbó náà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005. Lẹ́yìn ikú Àdùnní ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń bá àtúnṣe àwọn ère lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n fi so ara wọn pọ̀.

Òfin ilẹ̀ yìí

Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀, òun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹlòmíràn. Abala 40 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti péjọ. Nítorí náà ẹgbẹ́ awo kò nílò ìwé àṣẹ láti ṣe ìtàdógún. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kí ó ṣí àpò ní báńkì, tàbí kí ó pe ẹjọ́, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí a mọ̀ sí CAMA, ni ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n á yan àwọn olùtọ́jú ohun ìní. Nígbà tí òfin yẹn jáde, ó fún ìjọba lágbára láti dá olùtọ́jú tó bá ba owó jẹ́ dúró, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni figbe ta. Fún ẹgbẹ́ òrìṣà, kò yẹ kí ó jẹ́ ohun ìbẹ̀rù. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà nínú ìwé, kò sí ohun tí ìjọba yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdájọ́

Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò yìí, mo dúró lórí pé ẹgbẹ́ kékeré ni kó máa ṣe ẹ̀sìn, kí àpapọ̀ máa bójú tó ọ̀rọ̀ òfin. Ìbọ, ẹ̀kọ́, ìtẹ̀fá, ìtọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ àti ìyanjú ìjà kò yẹ kó jáde kúrò lọ́wọ́ àwọn tó mọ ara wọn lójú. Àjọ tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sọ Ifá di ìjọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbìyànjú ní Èkó ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́, ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe àti ààbò fún oníṣẹ̀ṣe tí wọ́n ń lé kiri, ẹgbẹ́ kan kò lè dá a ṣe. Fún ìyẹn, kí àwọn ẹgbẹ́ Ìpetumodù, Mọ́rò, Yákọ́yọ̀ó, Ẹdúnàbọ̀n àti Aṣípa máa rán aṣojú sí ìpàdé kan, kí aṣojú náà má ní àṣẹ ju ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rán an lọ, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Nínú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ohun mẹ́rin péré ló yẹ kó yí padà. Kí ìwé àkọsílẹ̀ wà fún ìpinnu àti owó, kí wọ́n sì máa kà á sétí gbogbo ènìyàn ní ìtàdógún kọ̀ọ̀kan. Kí kékeré máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Kí àgbà tó mọ nǹkan ní ọmọ ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán, kí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù bí ọmọ bá jìnnà. Kí wọ́n pe awo òde wá dá Ifá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan olórí tàbí owó. Kò sí èyí tó gba owó púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tó lòdì sí ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba.

Ẹ̀yin tí ìtàdógún yín ń bọ̀, ẹ má dúró de Èkó tàbí Àbújá láti dá àjọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ ra ìwé kan, ẹ yan akọ̀wé tó mọ̀wé tí gbogbo yín fọkàn tán, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹnu kò sí, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó tú ká.